Àgbá Tí Mo Dá Lu Lójú Ìyá Ọkọ Mi

Ẹni tí kò bá gbé orí ilẹ̀ Kétu rí lè má mọ ohun tí àgbá òfìfo jẹ́ fún wa. Níbòmíràn, àgbá onírin tí ohun inú rẹ̀ ti tán, ìdọ̀tí ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ọrọ̀ ni. Ilẹ̀ wa ga, omi sì jìnnà sí ìsàlẹ̀, ẹni tó bá ní òun fẹ́ gbẹ́ kànga á gbẹ́ ẹ títí agara á fi dá a. Òjò ni kànga wa. Bí òjò bá rọ̀ sórí páànù, èyí tí ohun èlò bá gbà lábẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ ni ìdílé á mu, ìyókù di ti ilẹ̀. Àwọn ìyá wa ní àmù àti ìkòkò lóòótọ́, ṣùgbọ́n àgbá kan ń gba omi ju ọ̀pọ̀ ìkòkò lọ, kì í sì í fọ́. Tónò ni a ń pè é, a gba orúkọ náà lẹ́nu àwọn Faransé. Mo mọ ọkùnrin kan tó fi tónò kún ẹrù ìyàwó, gbogbo àwọn àna rẹ̀ ló dìde dúró kí i.

Bí obìnrin bá fọ́ ìkòkò omi nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, a kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní abúlé wa. A ó lọ bá a nílé, a ó ní, "Ẹ kú ọ̀fọ̀, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́," òun náà á sì ṣe àmín bí ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú. Inú irú abúlé bẹ́ẹ̀ ni èmi ti mú òòlù àti irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó, tí mo dá àgbá lu ní ọ̀sán gangan, lójú gbogbo ayé.

Ayé ìgbà tí gbogbo wa ń jẹ́ kamaráàdì ni. Ẹ̀kọ́ Màáksì àti Lẹ́nìn ló wà lórí rédíò láàárọ̀ àti lálẹ́, ìjọba sì ní kí abúlé kọ̀ọ̀kan gbára lé agbára ara rẹ̀. Abúlé tiwa, tí kò jìnnà sí Kpankou, ní ilé ìgbẹ̀bí ni àwọn fẹ́, torí àwọn obìnrin wa ń bímọ sójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n bá ń gbé wọn lọ sí ìlú Kétu. Ìjọba gbà. Wọ́n ní àwọn yóò fún wa ní sìmẹ́ǹtì, irin, páànù, pákó, àti ọ̀gá kan tí yóò darí iṣẹ́. Àwa ni a ó mú yanrìn wá, àti ọwọ́ wa, àti omi.

Omi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Sìmẹ́ǹtì ń mu omi ju ẹṣin lọ. Ọkọ̀ omi tí wọ́n ṣèlérí wá fún ìgbà díẹ̀, ó kú sójú ọ̀nà, ó sì kọ̀ kò jí mọ́. Ni dẹlẹgé, ìyẹn aṣojú abúlé wa nínú ètò ìjọba tuntun, bá kéde pé ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, ilé kọ̀ọ̀kan yóò gbé abọ́ omi ńlá kan wá síbi iṣẹ́. Omi tí a gbà lábẹ́ páànù, tí a ń ṣọ́ra mu, la ń rù lọ da sínú sìmẹ́ǹtì. Kò sí ẹni tó kọ̀. Ìyá ọkọ mi ló máa ń kọ́kọ́ dé.

Èmi ni mo ń tọ́jú yàrá ẹrù níbi iṣẹ́ náà. Kì í ṣe pé mo gbọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Mo lè ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò àti àgbá, mo sì gbọ́ Faransé tí ọ̀gá ń sọ. Ọkọ mi ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Adakplamẹ̀, ìparí ọ̀sẹ̀ ló máa ń wálé, nítorí náà èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ ń gbé. Obìnrin kúkurú ni, kì í pariwo. Èmi ẹ̀wẹ̀, ẹnu mi mú bí abẹ láti kékeré. Nígbà tí wọ́n mú mi wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, ó gbọ́ bí mo ṣe dá ẹnìkan lóhùn lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyàwó mi, ẹnu rẹ ń sáré. Jẹ́ kí orí rẹ máa bá a." Kò tún bá mi wí ju ìyẹn lọ ní gbogbo ọdún tí a fi wà pọ̀. Ì bá ti bá mi wí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀gá tí ìjọba rán wá, ọmọ apá Àgbómẹ̀ ni. Ṣẹ́fù la ń pè é. Nagó, ìyẹn Yorùbá tiwa, kò dán lẹ́nu rẹ̀, Fọ̀n àti Faransé ló fi ń tì í lẹ́yìn, èmi ni mo wá ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ fún àwọn èèyàn. Mi ò rí ẹni tó ń ṣe fínnífínní tó o rí. Kí ó tó dé, àwọn birikilà máa ń fọ ọkọ́ àti abọ́ sìmẹ́ǹtì síbi tó bá wù wọ́n, omi eérú náà á ṣàn lọ sínú kòtò kékeré tí ewúrẹ́ ti ń mu omi. Ẹnu ewúrẹ́ méjì bó. Ṣẹ́fù ní kí wọ́n gbẹ́ ihò kan sẹ́yìn ibi iṣẹ́, ibẹ̀ nìkan ni kí wọ́n ti máa fọ nǹkan. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, á ní kí a bo sìmẹ́ǹtì, kí eruku rẹ̀ má lọ bà lé orí páànù àwọn aládùúgbò, torí orí páànù yẹn ni omi ẹnu wọn ti ń ṣàn wá. Àwọn èèyàn ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní ọkùnrin tó ń gbá ilẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ ti dé. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, n kò ní purọ́.

Ohun tí kò fi ṣeré rárá ni oògùn ikán. Ikán ilẹ̀ wa lè jẹ òpó ilé tán kí onílé tó mọ̀, nítorí náà wọ́n kó oògùn rẹ̀ wá nínú àgbá, wọ́n yàwòrán agbárí òkú sí i lára. Wọ́n ń bu ú sí ìpìlẹ̀, wọ́n ń fi kun pákó. Ṣẹ́fù ní kí ẹni tó bá ń kun ún fi aṣọ di imú, kí ó sì bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ kí ó tó lọ gbé ọmọ rẹ̀. Bí àgbá oògùn kan bá tán, á gbé e sẹ́yìn yàrá ẹrù mi, á sì wò mí lójú.

Lọ́jọ́ kan ó jókòó sórí ìdì irin, ó sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ó ní níbi kan tí òun ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n fi àgbá òfìfo kan ta bàbá kan lọ́rẹ, torí bàbá náà ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó ní bàbá náà fọ̀ ọ́. "Ó fọ̀ ọ́ dáadáa, kamaráàdì. Ó fi ọṣẹ àti yanrìn fọ̀ ọ́." Ó tún un sọ bí ẹni pé èmi ni mò ń bá a jiyàn. Kò sọ iye ẹni tó kù nínú ilé náà fún mi, n kò sì bi í. Ó kàn ní, "Kò sí tónò kan tó máa kúrò níbí láìjẹ́ pé a dá a lu. Ẹyọ kan báyìí." Mo túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ará abúlé nípàdé. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n mi orí, mo sì mọ̀ pé kò wọ̀ wọ́n létí. Ta ló fẹ́ gbọ́ pé tónò ṣe é pa èèyàn?

Àgbá kan wà tí kì í ṣe ti oògùn. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń po sìmẹ́ǹtì ló wà, ikùn rẹ̀ ti wó díẹ̀. Omi ló gbé wá, omi nìkan ni mo sì mọ̀ mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ojú mi wọ̀ ọ́. Ìyá ọkọ mi kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi o. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí a jọ ń ṣa ẹ̀wà, inú mi dùn, mo fẹ́ kó mọ̀ pé ìyàwó tó gbé sílé jámọ́ nǹkan, mo ní, "Ìyá, bí iṣẹ́ yìí bá parí, tónò tó wà níbi omi yẹn, tiyín ni."

Ó wò mí. Ó ní, "Tèmi kẹ̀?"

Mo ní, "Tiyín ni. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀."

Láti ọjọ́ kejì ni ìyá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ru òkúta wálé láti oko. Òkúta pẹlẹbẹ mẹ́ta ló fẹ́, ó ń yàn wọ́n bí ẹni ń yan aṣọ ọdún. Ó tò wọ́n sábẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀, ó fi ọwọ́ tẹ́ ilẹ̀ abẹ́ wọn, ó wá ègé páànù kan, ó ní kí ọkọ mi tẹ̀ ẹ́ kó lè darí omi síbi tí ẹnu àgbá máa wà. Bí oúnjẹ alẹ́ bá tán, á lọ jókòó sórí òkúta yẹn, á na ẹsẹ̀. Mo wá bá Ṣẹ́fù sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, mo ní àgbá omi yẹn ńkọ́, ṣé a máa lu òun náà? Ó ní, "Ìwọ lo ni yàrá ẹrù. Ìwọ lo mọ ohun tó wà nínú wọn." Mo mú un bí àṣẹ. Mo fi àkísà pupa so ó lára kí n lè dá a mọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí a fẹ́ palẹ̀ ibi iṣẹ́ mọ́ dé. Ilé ìgbẹ̀bí ti dúró, ó funfun, gbogbo abúlé jáde láti gbá a. Wọ́n ti pe Ṣẹ́fù sí ìlú Kétu látàárọ̀, ó ní kí n rí i pé wọ́n dá àwọn àgbá lu, kí wọ́n sọ wọ́n sínú kòtò jíjìn, kí wọ́n sì bò ó. Mo gbé òòlù lé birikilà kan lọ́wọ́. Ó gbé e sílẹ̀. Mo fún ìkejì rẹ̀, ó ní ìyá òun ṣì wà láyé, òun kò lè dá ohun èlò omi lu. Ọmọ ilẹ̀ wa ni gbogbo wọn. Mo bú wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, kò sí ẹni tó gbà. Mo fi ìbínú mú òòlù, mo ní èmi fúnra mi á dá wọn lu.

Ibẹ̀ ni mo wà tí ìyá onígàrí fi dìde. Ilé kejì sí tiwa ló ń gbé, gàrí ló ń yan tà, ó bí ọmọ púpọ̀, kò sì ní ju àmù kan tó ti sán létí lọ. Ó lọ jókòó gbàgà sórí ọ̀kan nínú àwọn àgbá oògùn, ó ní, "Èyí tèmi nìyí."

Mo ní, "Ìyá, ẹ dìde. Oògùn ikán ló wà nínú ẹ̀."

"Màá fọ̀ ọ́."

"Kò ṣe é fọ̀."

Ó nawọ́ sí àgbá tí mo so àkísà mọ́. "Ìyẹn ńkọ́? Kí ló fà á tó fi wọ gèlè?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Mo ní omi ló wà nínú tiyẹn.

"Ta ló rí i? Tónò ò lẹ́nu, ìwọ nìkan lo ń bá a sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ti ìyá ọkọ rẹ, omi ló ń jẹ́, bó bá jẹ́ tèmi, májèlé. Májèlé tó mọ ilé tó ń wọ̀ rèé." Ó yíjú sí àwùjọ. "A ní kó fẹ́ wa lójú, ata ló fi sẹ́nu."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Dẹlẹgé gan-an ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Àwọn méjì mìíràn ti ń sún mọ́ àwọn àgbá oògùn, bí ẹni tó fẹ́ kí wọn lásán. Mo gbójú sókè, mo rí ìyá ọkọ mi láàárín àwọn obìnrin, abọ́ òfìfo wà lábẹ́ apá rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì sọ̀rọ̀. Ara mi gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí. N kò lọ sí ìdí àgbá tí ìyá onígàrí jókòó lé. Ìdí ti alákìísà ni mo lọ, mo gbé ẹnu irin lé e ní ìsàlẹ̀, mo sì fi òòlù lù ú pẹ̀lú gbogbo agbára mi.

Omi díẹ̀ tó kù nínú rẹ̀ tú jáde. Ó mọ́ lóló. Ó ṣàn gba abẹ́ ẹsẹ̀ mi kọjá, ilẹ̀ gbé e mì. Mo tún lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì.

Ẹ̀rín dá. Ìyá onígàrí dìde fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́, mo lu tirẹ̀, mo lu gbogbo ìyókù. Kò sí ẹni tó dí mi lọ́wọ́ mọ́. Nígbà tí mo parí, mo gbọ́ tí ìyá arúgbó kan ń sọ fún ìyá ọkọ mi lẹ́yìn mi pé, "Ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́." Ìyá ọkọ mi ní, "Àmín."

A sọ àwọn àgbá náà sínú kòtò, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ń ṣú, a fi bíbò rẹ̀ sí ọjọ́ Ajé. Nígbà tí mo délé, oúnjẹ ti délẹ̀. Ìyá ní, "Jẹun." Mo jókòó ti abọ́ náà. Ẹnu mi tí kì í wá ọ̀rọ̀ tì, ó wá a tì lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo fẹ́ ní kó má bínú. Mo fẹ́ sọ pé bí mo bá dá ti ilé mi sí, wọn ò ní gbà mí gbọ́ lórí ìyókù. Ṣùgbọ́n òótọ́ ibẹ̀ ni pé n kò rò bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo gbé òòlù sókè. Ìbínú ẹ̀rín wọn ni mo fi lù ú. Ọkọ mi gbọ́ nígbà tó dé lọ́jọ́ Àìkú, ó ní ohun tó tọ́ ni mo ṣe. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju èébú lọ.

Abúlé sọ mí lórúkọ. Adátónòlu, ìyẹn ẹni tó dá tónò lu. Àwọn ọmọdé ń fi kọrin bí mo bá ń kọjá. Mo rò pé yóò tán láàárín oṣù kan, kò tán.

Òjò àkọ́kọ́ tó tóbi lọ́dún náà rọ̀ lọ́sàn-án. Ìyá sáré kó àwọn ìkòkò síta, mo bá a kó wọn. Wọ́n kún kíá. Páànù tí ọkọ mi tẹ̀ ṣì wà níbi tó so ó sí, omi ń gba ojú rẹ̀ wá, ó ń ya lulẹ̀ sórí òkúta mẹ́ta tí kò gbé nǹkan kan dání. Wọ́n máa ń ní omi tí èèyàn máa mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo omi tí à bá mu, ó ń ṣàn kọjá wa lọ sójú títì. Ìyá náà ń wò ó. Lẹ́yìn náà ó ní òun fẹ́ jáde díẹ̀, ó fi aṣọ bo orí, ó gba inú òjò lọ. N kò béèrè ibi tó ń lọ. Mo rò pé kò fẹ́ kí n rí ojú òun ni.

Kò kó òkúta náà kúrò. Mo retí pé yóò kó wọn, kí n lè sinmi. Ojoojúmọ́ ni mò ń jáde tí wọ́n ń wò mí. Mo bẹ àwọn oníṣòwò Àjàṣẹ́ tó ń wá sọ́jà wa pé kí wọ́n bá mi wá tónò mímọ́ kan, wọ́n ń ṣèlérí, wọn ò mú un wá. Gbogbo ilẹ̀ Kétu ló ń wá tónò nígbà náà.

Ọ̀gbẹlẹ̀ mú. Àmù wa gbẹ ṣáájú ti ẹlòmíràn. Adágún omi kan wà lọ́nà Okpomẹta, ọ̀nà rẹ̀ jìn, etí rẹ̀ sì ń yọ̀. Mo ní kí ìyá má lọ, mo ní èmi á máa lọ láàárọ̀ kí n tó ṣe nǹkan mìíràn. Ó ní ó dáa. Bí mo bá ti jáde, á gbé kèrègbè, á tẹ̀ lé ọ̀nà, torí ó ń rí i pé èyí tí mo ń pọn kò tó. Ibẹ̀ ló ti ṣubú. Àwọn àgbẹ̀ tó gbé e wálé fi aṣọ gbé e bí ẹni gbé ọmọ. Egungun ìdí rẹ̀ ti yẹ̀.

Ilé ìgbẹ̀bí la gbé e lọ, torí ibùsùn kò sí níbòmíràn, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ni. Ó dùbúlẹ̀ sáàárín àwọn abiyamọ, òun tí ìrun rẹ̀ ti funfun. Ó fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ fún nọ́ọ̀sì, ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun, wọ́n á ní òun lóyún. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi jáde lọ sẹ́yìn ilé náà, síbi tí ihò tí a ti ń fọ sìmẹ́ǹtì wà tẹ́lẹ̀, mo sunkún.

Ẹni tó ń yà mí lẹ́nu ni ìyá onígàrí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí ìyá ṣubú ló gbé korobá omi wá sẹ́nu ọ̀nà wa, ó gbé e kalẹ̀, ó lọ. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Kò yéé gbé e wá, kò sì bá mi sọ̀rọ̀. Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀sín ni, pé ó fẹ́ kí abúlé rí i pé òun tí mo lé kúrò lórí tónò ló ń fún ìyá ọkọ mi lómi. Mo gba omi náà, mo sì kórìíra rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń fi aṣọ àti omi gbóná tẹ ìyá ní ìdí. Àwọn abiyamọ ti sùn. N kò lè gbé ọ̀rọ̀ náà mọ́ra mọ́. Mo ní, "Ìyá, tónò ọjọ́ yẹn mọ́. Kò sí oògùn nínú ẹ̀ rí. Mo mọ̀ nígbà tí mo lù ú."

Kò yí ojú padà. Ó ní, "Èmi náà mọ̀."

Mo ní, "Ẹ mọ̀?"

"Níbo lo rò pé mò ń da omi sí ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta? Inú ẹ̀ ni. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dé, màá gbá ìsàlẹ̀ ẹ̀ mọ́ kí n tó dà á. Mo ti mu nínú ẹ̀ rí, nígbà tí òùngbẹ ń gbẹ mí. Omi ilé wa ló ṣàn jáde lọ́jọ́ yẹn, ìyàwó mi. Mo dá a mọ̀."

Ọwọ́ mi dúró lára rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀, kí ló dé tí kò pariwo mọ́ mi lójú gbogbo wọn.

Ó ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ, omi ń tutù. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé ìyá onígàrí rán àwọn ọmọ rẹ̀ lọ fa àgbá oògùn kan jáde nínú kòtò kí a tó bò ó. Ó fi àkísà àti ọṣẹ dí ihò rẹ̀, ó gbé e sẹ́yìn ilé. Ọjọ́ òjò ńlá yẹn ló kún. Ìyá ọkọ mi ti ń fura tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ló gba inú òjò lọ.

"Mo bá a níbi tó ti ń bu ú fún àwọn ọmọ. Mo ní kó má bù ú. Ó ní irọ́ ìwọ ìyàwó mi ni, pé ò ń ṣakọ ni. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú, mo mú un wá sí ìta wa. Mo ní, wo òkúta mi. Mo ní, ọmọ inú ilé mi ló ni yàrá ẹrù, síbẹ̀ òkúta mi ló ṣófo yẹn. Ṣé o rò pé ó kórìíra mi ni? Ó wò ó títí nínú òjò. Ó padà sílé, ó yí tónò náà dànù."

Mo tún rẹ aṣọ sínú omi gbóná.

"Bí tónò bá wà lórí òkúta yẹn," ni ó wí, "kí ni mo fẹ́ fi bá a sọ̀rọ̀? Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mi ò fi kó àwọn òkúta náà kúrò."

Ọmọ tuntun kan sunkún níkangun yàrá, ìyá rẹ̀ gbé e lé ọmú, ó dákẹ́. Ìyá ọkọ mi wá yíjú sí mi, ó wò mí bó ṣe wò mí lọ́jọ́ tí mo wọlé rẹ̀. Ó ní, "Ohun kan wà tí mo fẹ́ bi ọ́. Tiwa tí o kọ́kọ́ lù yẹn. Ṣé iṣẹ́ ni, àbí ìbínú?"

Mo mọ ohun tó ń béèrè. Ó fẹ́ mọ ohun tó tìtorí rẹ̀ ṣubú. Ìdí rẹ̀ tó yẹ̀ wà lábẹ́ ọwọ́ mi, ó gbóná, ó wú. Ẹnu mi sáré bó ṣe máa ń sáré.

Mo ní, "Iṣẹ́ ni, Ìyá."

Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó dijú, ojú rẹ̀ sì rọ̀. Ó ní kí n fún òun lómi mu, mo bu nínú èyí tí ìyá onígàrí gbé wá.

Kò rìn mọ́ títí ó fi kú, kò sì tún bi mí léèrè mọ́. Àwọn ọmọ onígàrí ti di bàbá àti ìyá ọmọ báyìí. Bí wọ́n bá rí mi lọ́jà, wọ́n á fi ẹ̀rín pè mí láti òkèèrè, "Adátónòlu, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o," ara wọn le koko. Mo máa ń dá wọn lóhùn. Bí mo bá délé, mo máa ń jókòó sórí òkúta ìyá, mo máa ń tún ìbéèrè rẹ̀ bi ara mi. N kò tíì rí ìdáhùn tó yàtọ̀ sí èyí tí mo mọ̀ lọ́jọ́ náà, tí mi ò sì sọ fún un.